Gúrúùpù ẹ̀fẹ̀ wa ní Àkúrẹ́ ti pín sí mẹ́ta. Ṣé ó ṣeé kó jọ mọ́?

Ọmọ_Arákalẹ̀ · Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì, mo sì fẹ́ kí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ bá mi dá sí i.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ gúrúùpù ẹ̀fẹ̀ wa tí a dá sílẹ̀ lórí WhatsApp ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹ rántí pé ọjọ́ 5 oṣù náà ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Àwa tí a ti ń pàdé níbẹ̀ tá à ń ju àwòrán ẹ̀fẹ̀ síra wa, kò síbi tí a máa lọ mọ́. Àwọn kan ń lo VPN, ìyẹn áàpù tí èèyàn fi ń gba ẹ̀yìn wọ ibi tí wọ́n tì, àwọn mìíràn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Mo kó nọ́ńbà àwọn tí mo mọ̀ jọ, mo ní ká sá pamọ́ síbí títí wọ́n á fi ṣí i. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n ilé ìsápamọ́ ti di ilé gidi nígbà náà, kò sẹ́ni tó kẹ́rù.

Èèyàn 256 péré ni WhatsApp ń gbà sínú gúrúùpù kan láyé ìgbà yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kún. A dá Ìkejì sílẹ̀, a fi í sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan ní Ìjàpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn bá mi lọ níbí yìí, torí mo rò pé ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kìíní, ìyẹn tèmi, kò ní òfin kankan àfi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìhòòhò wọlé. Ìkejì ní tirẹ̀: kò sí òṣèlú, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò sí àwòrán lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹni tí òfin ibì kan bá ni lára á ṣí lọ sí ìkejì. Ó lé ní ọdún kan tí a fi gbé bẹ́ẹ̀, a ò jà rí.

Nígbà tó di ìparí ọdún 2022 tí WhatsApp gbé iye náà dé 1,024, inú wa dùn, a kó gbogbo wa sójú kan. A ò jókòó sọ òfin tí a ó máa lò.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni àwòrán ìyá kan wọlé. Ọ̀kan nínú wa ló yà á ní ọjà Ìsìkàn, ìyá ò mọ̀. Gèlè ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu là gbàgà, ojú kan dí, ọwọ́ wà nínú rọ́bà tòmátò. Wọ́n kọ sókè rẹ̀ pé: "Nígbà tí owó oṣù wọlé, tí o wá rántí gbogbo ẹni tí o jẹ ní gbèsè." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di sítíkà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀ pa á rẹ́. Láti 2022 tí WhatsApp ti jẹ́ kí ádímìnì lè pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́, orúkọ ẹni tó pa á ló máa ń hàn, tiwọn náà sì hàn. Ẹni tó gbé e wọlé béèrè ìdí. Wọn ò dáhùn, wọ́n yọ ọ́. Ẹnìkan tún béèrè, wọ́n yọ òun náà. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo ìlà kéékèèké aláwọ̀ eérú bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra wọn: wọ́n ti yọ lágbájá, wọ́n ti yọ làkáṣègbè. Èmi ni mo dá gúrúùpù náà sílẹ̀. WhatsApp ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yọ ẹni tó dá gúrúùpù sílẹ̀. Mo lágbára láti sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kí n tó jí láàárọ̀, líǹkì Telegram ti jáde. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó bá a lọ. Nígbà tó ṣe, àwọn tí Telegram ò tẹ́ lọ́rùn tún ya lọ sí Facebook. Ibo la ti ṣìnà? Ṣé ó ṣì ṣeé kó jọ?

Bọ̀dá_Alágbàka · Ọjọ́rú, 9:58 alẹ́

Ọmọ Arákalẹ̀, o kú ìdúró. Láti ìgbà tí a ti ń san owó wákàtí kan ní kàfé lójú ọ̀nà Ọba Adésidà ni mo ti ń bá àwọn àwùjọ ẹ̀fẹ̀ kiri, ohun tó bá yín yìí ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn rí.

Èyí tó sún mọ́ tiyín jù tí mo mọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí Reddit, ojúlé tí àwọn èèyàn ti ń dá àwùjọ sílẹ̀ lórí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀, ní oṣù kẹfà 2013. Àwùjọ àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ wà níbẹ̀, r/atheism. Ó tóbi débi pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Reddit, ohun tí wọ́n bá gbé jáde níbẹ̀ wà lára ohun tó máa kọ́kọ́ rí. Ẹni tó dá a sílẹ̀ kì í dá sí nǹkan kan, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn aláṣẹ Reddit, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ síta ní tààrà mọ́. Kí ó fi í sínú ọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ rí i ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìtẹ̀ ẹyọ kan péré, ogun dé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìbò ló ń gbé nǹkan sókè lórí Reddit. Àwòrán, ojú ni èèyàn á fi gán-án-ní rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ti dìbò. Ẹni tó ń ka àpilẹ̀kọ gígùn ò tíì dé ìdajì nígbà yẹn. Torí náà, bí àyè bá gba méjèèjì, àwòrán ni yóò máa borí, kì í ṣe pé ó sàn jù. Ìtẹ̀ kan yẹn yí ẹni tó ń borí padà, àwọn tó ti ń borí sì mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ya lọ dá àwùjọ tiwọn, wọ́n pe ti àtijọ́ ní èyí tí wọ́n fipá gbà. Ní oṣù keje, Reddit yọ r/atheism kúrò lára àwọn tí àlejò máa ń kọ́kọ́ rí.

Ẹ fi èyí wé ti Digg, ojúlé mìíràn tí ìbò àwọn èèyàn ti ń gbé ìròyìn sókè. Ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2007, àwọn èèyàn ń gbé nọ́ńbà kan síta tí a lè fi ṣí àwọn díìsìkì fíìmù HD DVD tí wọ́n tì pa. Digg ń pa á rẹ́ torí ẹ̀rù ẹjọ́. Bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ ni àwọn èèyàn ń gbé e padà, títí tí nọ́ńbà yẹn fi kún gbogbo ojú ìwé àkọ́kọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, Kevin Rose, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Digg sílẹ̀, kọ̀wé fún wọn pé ó ti yé òun, àwọn ò ní pa á rẹ́ mọ́, ohunkóhun tó bá tìdí rẹ̀ yọ, àwọn á fara mọ́ ọn. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ilé ò sì tú lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún 2010 ni Digg tó tú, nígbà tí wọ́n yí gbogbo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi kó lọ sí Reddit.

Ọmọ_Ekímọ̀gún · Ọjọ́rú, 10:21 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Arákalẹ̀, ẹ kú alẹ́. Èmi ni mo fi líǹkì Telegram yẹn síta, mi ò ní sá.

Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwòrán la torí rẹ̀ kúrò. Rárá o. Wọ́n ti pa àwòrán tèmi rẹ́ rí lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò bínú. Èyí tó bí mi nínú ni pé a béèrè ìdí, ìdáhùn tí a rí ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n yọ ṣìkẹta, ohun tó kọ kò ju "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?" lọ. Mo ṣì ní i lórí fóònù mi. Kí ló dé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta! Ọdún mẹ́rin ló ti wà láàárín wa. Òun ló máa ń jókòó ní Yába nílùú Oǹdó títí di òru, tó ń gé ojú àwọn òṣèré Yorùbá kúrò nínú fíìmù kí gbogbo wa lè rí nǹkan fi ṣẹ̀fẹ̀. Ìdajì sítíkà Ọdúnladé Adékọ́lá tí ẹ̀ ń lò, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, gbogbo ohun tó ti ṣe ṣì wà níbẹ̀, òun nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Òmìnira_Àpatàpìtì · Ọjọ́rú, 10:40 alẹ́

Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ ká máa kó ara wa jọ. Ẹni tó bá fẹ́ òfin, kó wà níbi tí òfin wà. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó lọ síbi tí kò sí. Ẹni tí àwòrán bá bí nínú, kó má wò ó. Inú mi dùn sí Telegram, ó ń gba èèyàn ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn 200,000, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sì lè ka ohun tí a ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí làǹfààní ádímìnì tó ń pa nǹkan rẹ́?

Bọ̀dá_Alágbàka · Ọjọ́rú, 11:15 alẹ́

Àbúrò Àpatàpìtì, mo gbọ́ ẹ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, torí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí fún ẹ, kì í ṣe láti fi pa ẹ́ lẹ́nu mọ́.

Oṣù kẹfà 2015, Reddit ti àwọn àwùjọ kan pa tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fi àwọn tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n sì máa lé wọn kiri. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kó lọ sí Voat, ojúlé kan tó dà bíi Reddit tó ní òun kì í pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́. Èrò pọ̀ débi pé sáfà wọn dákú. Mo lọ wò ó. Ọjọ́ méjì ni mo lò. Ronú sí i: nígbà tí ilé kan bá kéde pé òun ò ní lé ẹnikẹ́ni, ta ni yóò kọ́kọ́ dé? Ẹni tí wọ́n ti lé kúrò ní gbogbo ibi yòókù ni. Ẹni tó kàn ń wá ẹ̀fẹ̀ ti ní ibi tó ń gbé, kò sí ohun tó ń lé e. Nígbà tí irú òun bá fi máa dé, àwọn tó ti wà ńlẹ̀ á ti kó ìkórìíra kún ilé, á bojú wò ó, á padà. Bí Voat ṣe ń pọ̀ ló ń burú. Ọjọ́ Kérésìmesì 2020 ni wọ́n pa á, owó ti tán.

Ti 8chan, ojúlé tí èèyàn ti lè kọ nǹkan láìfi orúkọ hàn, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fredrick Brennan dá a sílẹ̀ ní 2013. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, 4chan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ibi tí òfin ò sí, òun náà dé ibi tí kò lè gbà mọ́: ó lé àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ Gamergate yọ àwọn obìnrin tó ń ṣe géèmù lẹ́nu. Wọ́n kó lọ sí 8chan. Ní 2019, àwọn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó pa èèyàn, ní Christchurch ní New Zealand, ní Poway àti ní El Paso ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọn sí kí wọ́n tó jáde lọ pani. Brennan ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Òun gan-an tó bí i ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni Cloudflare, iléeṣẹ́ tó ń dáàbò bo ojúlé náà, yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Mi ò sọ pé Telegram yín á dà bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kí o wo ẹni tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn yín.

Igi_àti_Ewé · Ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ igbó ni mo wà ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Àwùjọ kan wà lórí Reddit fún àwọn tó ń mu igbó. Wọ́n bá ádímìnì ibẹ̀ jà, wọ́n kó jáde, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Kí wọ́n má baà pè é ní igbó, wọ́n pè é ní r/trees, ìyẹn igi. Ó dàgbà ju ibi tí wọ́n ti wá lọ fíìfíì. Nígbà tí àwa tí igi gidi jẹ lógún fi máa dé, orúkọ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn amugbó. Àwọn onígi ò jà. Wọ́n lọ sọ tiwọn ní r/marijuanaenthusiasts, àwọn olólùfẹ́ igbó. Títí dòní, bí o bá fẹ́ mọ irú igi tó hù lẹ́yìnkùlé yín, ọ̀dọ̀ olólùfẹ́ igbó ni wàá gbé ewé rẹ̀ lọ.

Nínú ìjà bíi tiyín yìí, orúkọ máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dì í mú, kódà bí gbogbo èèyàn bá ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Arákalẹ̀, ọwọ́ yín ni orúkọ gúrúùpù wà. Ta ló ni àwòrán? Ta ló ni ẹ̀fẹ̀? Ìyẹn ni mi ò rí kí ẹnikẹ́ni béèrè.

Baba_Ìbejì_Ìjàpọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo ilé. Èmi ni ádímìnì tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti dákẹ́ fún oṣù méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó pa àwòrán yẹn rẹ́, ọmọbìnrin kan nínú gúrúùpù kọ̀wé sí mi lẹ́yìn, níbi tí ẹlòmíràn ò ti lè rí i. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún yín." Kí n lè gbà á gbọ́, ó fi àwòrán ìyá náà níbi ìgbéyàwó kan ránṣẹ́ sí mi. Gèlè dúró ṣánṣán lórí wọn, wọ́n gbé ojú sókè bí ìyá ẹni ṣe ń gbójú sókè bí ayàwòrán bá ní kí wọ́n wo ọ̀hún. Mo wo àwòrán méjèèjì, mo pa ti gúrúùpù rẹ́. Mo ti tún bi ọmọ náà lónìí kí n tó kọ èyí, ó ní kò burú, kí n ṣá má dárúkọ òun.

Nígbà tí ẹ wá ń béèrè ìdí, kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní ọmọ ìyá náà wà láàárín wa, ẹ ó máa wá a. Ohun tí mo rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo lè sọ tí kò ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni: "Ẹni tó wà nínú àwòrán yìí ò fẹ́ ẹ." Gbólóhùn kan. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ẹnìkan ti kọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí mi, inú ń bí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èèyàn. Mẹ́rìnlá ni mo yọ. Mo ti padà ka ohun tí wọ́n kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú wọn, wọ́n kàn béèrè ni, ọ̀rẹ́ Ọmọ Ekímọ̀gún wà nínú wọn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn níbí yìí, níwájú gbogbo èèyàn. Àwòrán tí mo pa rẹ́, mi ò ní tọrọ àforíjì fún un láéláé.

Olùkọ́_Òkè_Àró · Ọjọ́bọ̀, 2:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Baba Ìbejì. Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí mò ń retí kí ẹnìkan bá mi béèrè nípa ìyá náà. Ẹ jà lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á rẹ́, ẹ jà lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e síta. Ẹni tó ni ojú, ẹnikẹ́ni ò bi í. Ẹ ò jẹ́ mú tòmátò kan nínú rọ́bà yẹn láìsanwó.

Òṣèré tó wà nínú fíìmù mọ̀ pé ayé ń wo òun. Ẹni tó ń tajà ò mọ̀.

Ọmọ_Ekímọ̀gún · Ọjọ́bọ̀, 7:44 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, ó ní ó ti tán nínú òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lórí Telegram, torí Bọ̀dá Alágbàka ti fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dùn bí ọjọ́ ọdún. A kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé níbí, kò sẹ́ni tó máa pa ọ̀rọ̀ ẹ rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tí a ò mọ̀ ń wọlé. Àwọn kan ní kí a mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá kí ó di ogójì. Àwọn kan ń bú ẹ̀yà ẹlòmíràn, wọ́n ń pè é ní ẹ̀fẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí láago méjì òru láti tọ̀, mo wo fóònù, mo rí àwòrán ìhòòhò ọmọdébìnrin kan tí ẹnìkan fi síbẹ̀ láti gbẹ̀san lára rẹ̀, orúkọ ilé ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo pa á rẹ́, mo yọ ẹni tó gbé e wọlé, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò ṣàlàyé. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Ṣé ẹ̀yin náà ti dà bíi wọn?"

Mi ò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, mo kọ ọ́ síta pé ohun tí mo pa rẹ́ nìyí, ìdí rẹ̀ nìyí. Ogóje èèyàn kúrò lọ́jọ́ yẹn, àwọn ni wọ́n wà lórí Facebook báyìí. Àwọn tó kù sílẹ̀ mọ ìdí tí mo fi ṣe é.

Torí náà mi ò tíì gbà pé ó yẹ kí a tún kó pọ̀ sójú kan. Ìgbà tí a wà ní Kìíní àti Ìkejì, tí ẹni tó bá rẹ̀ á lọ sí ìkejì, tó bá tún wù ú á padà, ìgbà yẹn la gbádùn ara wa jù. Ìgbà tí a wó ògiri àárín la tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ bí Èkìtì ní 1996, a ò sì tìtorí ẹ̀ ṣíwọ́ à ń lọ síbi ìnáwó ara wa.

Bọ̀dá_Alágbàka · Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́

Ọ̀rọ̀ rẹ ní ìwọ̀n, Ekímọ̀gún. Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un. Ní 2007, LiveJournal, ojúlé tí àwọn èèyàn ti ń kọ ìwé ìrántí àti ìtàn wọn síta, ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé pa lẹ́ẹ̀kan náà, ti àwọn tó ń kọ ìtàn nípa òṣèré inú ìwé àti fíìmù wà nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí ò kàn ṣí lọ sí ilé onílé mìíràn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n dáwó, wọ́n ra sáfà tiwọn, wọ́n kọ́ ojúlé tí wọ́n ń pè ní Archive of Our Own, ó sì ṣí fún gbogbo èèyàn ní 2009. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ náà. Ó ṣì wà, ó sì tóbi.

Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú ilé onílé. Ní 2023 tí àwọn ádímìnì Reddit ti àwùjọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pa nítorí owó tí iléeṣẹ́ náà fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe áàpù, iléeṣẹ́ sọ fún wọn pé bí wọn ò bá ṣí i, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀.

Ẹni_Tó_Kọ̀wé_Lẹ́yìn · Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́

Èmi ni. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe dá orúkọ yìí sílẹ̀.

Ìyá mi ti mọ̀. Oníbàárà kan ló na fóònù sí wọn, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí wọn ò mọ̀ pé àwọn ni. Gèlè ni wọ́n fi dá ara wọn mọ̀. Àǹkárá tí a dá nígbà tí wọ́n pé àádọ́ta ọdún ni. Ẹnu tí ẹ rí tó là yẹn, kì í ṣe owó oṣù, kì í ṣe gbèsè. Ọmọ aládùúgbò ìsọ̀ wọn ló ń sáré lọ sójú títì, wọ́n ń pè é padà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù sókè níwájú ìsọ̀, wọ́n á yí ojú sí ògiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn tiránsífà ni wọ́n fi ń sanwó, ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe nínú ọjà, èèyàn á gbé fóònù sókè kó lè rí i mú. Àwọn oníbàárà rò pé inú ló ń bí wọn.

Ẹ ò ní láti da gúrúùpù kankan pọ̀ nítorí mi. Mo nífẹ̀ẹ́ gúrúùpù yẹn, ibẹ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń ṣe àgùnbánirọ̀ níbi tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi tẹ sítíkà náà mọ́lẹ̀ lórí fóònù yín, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìyẹn ni mò ń bẹ̀ yín fún.

Òmìnira_Àpatàpìtì · Ọjọ́bọ̀, 10:09 alẹ́

Mo ti yọ tèmi. Ẹ bá mi kí ìyá.

Igi_àti_Ewé · Ọjọ́bọ̀, 10:11 alẹ́

Mo ti yọ ọ́.

Ọmọ_Ekímọ̀gún · Ọjọ́bọ̀, 10:30 alẹ́

Ọ̀rẹ́ mi àti èmi ti yọ ọ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sórí Telegram wa, mo ti bá ẹni tó ń darí ti Facebook náà sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Arákalẹ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:20 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná, mi ò lè fèsì nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé lẹ́yìn, ẹ forí jì mí. Gúrúùpù mi ni wọ́n ti sọ ojú ìyá yín di sítíkà, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo ti bá Baba Ìbejì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A ò ní da gúrúùpù pọ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù á máa wà, ṣùgbọ́n líǹkì ẹnì kìíní á máa wà lókè gúrúùpù ẹnì kejì, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí lè ṣí láìjà. Èmi àti Baba Ìbejì ti fẹnu kò lórí méjì: ádímìnì tó bá pa nǹkan rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà kan. A ò sì ní gba àwòrán ẹni tí wọ́n yà lójú títì tàbí nínú ọjà láìbi í. Telegram àti Facebook ló kù tí à ń retí.

Ó ku ti ẹrù àtijọ́. Àwọn tó kúrò ń béèrè àwòrán 2021 àti 2022, torí èèyàn kì í rí ohun tó ti kọjá bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ gúrúùpù WhatsApp nígbà náà, ọ̀pọ̀ sì ti pààrọ̀ fóònù. Tèmi wà lórí fóònù mi àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó wà lọ́dọ̀ àwọn atúnfóònùṣe ní Arákalẹ̀. Wọ́n ní kí n wá gbà á ní Sátidé. Mo fẹ́ kí ẹni méjì sí mẹ́ta bá mi jókòó tì í, ká wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá yẹn kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́.

Olùkọ́_Òkè_Àró · Ọjọ́ Ẹtì, 7:41 àárọ̀

Màá wá. Aago mélòó?